Bàbá Sàlá: Ẹ̀rín Tí A Kò Sanwó Rẹ̀

  

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà níbẹ̀ tí kò ní páálí. Kò sí àwòrán lára rẹ̀, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹnìkan kàn lẹ bébà funfun pélébé mọ́ ọn, ó fi bírò kọ "Bàbá Sàlá" sí i. Lọ́jọ́ ọdún, tí iná bá wà, tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ti jẹun yó, wọn á ní kí n lọ mú un wá. Àwòrán rẹ̀ á máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ìlà funfun á máa sáré kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin onígíláàsì ńlá yẹn tó la ẹnu rárá, gbogbo pálọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, tí ẹ̀rín kì í yá lẹ́nu rẹ̀, á bọ́ fìlà, á fi nu omijé.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí kásẹ́ẹ̀tì aláìnípáálí yẹn jẹ́. Fíìmù Ọ̀run Móoru ni. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì kó ọkùnrin tó ń pa wá lẹ́rìn-ín sínú gbèsè.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kàn ka oríkì òkú fún yín. Mo fẹ́ kí a jọ wo ọ̀nà tí ọkùnrin kan gbà, láti orí gìtá dé orí ìtàgé, láti orí ìtàgé dé orí tẹlifíṣọ̀n, láti orí tẹlifíṣọ̀n dé sinimá, kí a sì rí ibi tí ọ̀nà náà ti já sí pálọ̀ ilé wa.

OLÓRIN NI KÓ TÓ DI ALÁWÀDÀ

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọdún 1936 ni wọ́n sì bí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà dáadáa, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi òwò àti ọgbọ́n ìjẹun ṣeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí bí a bá sọ̀rọ̀ títí, a óò padà síbẹ̀.

Orin ló kọ́kọ́ mú un wọ iṣẹ́ fàájì. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó ní ẹgbẹ́ olórin háílàìfù kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń ta gìtá. Ẹ máa fọkàn bá mi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kúrò, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, ó pè é ní Green Spots. Gbogbo ayé padà wá mọ̀ ọ́n sí King Sunny Adé. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọba orin jùjú tí àwọn ìyá yín ń náwó fún lóde àríyá, abẹ́ Bàbá Sàlá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò.

Nígbà náà, bí olórin bá ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní gbọ̀ngàn ìlú, orin nìkan kì í tó. Àwọn èèyàn fẹ́ ohun tí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín láàárín orin kan sí èkejì. Ẹni tó bá mọ ẹnu dá níwájú gbohùngbohùn, tó mọ bí a ṣe ń yẹ̀yẹ́ ara ẹni, òun ni èrò ń tẹ̀ lé. Ọláìyá mọ̀ ọ́n dá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwàdà tó yẹ kó jẹ́ ìpápánu wá di oúnjẹ gan-an.

NÍBI TÍ ERÉ YORÙBÁ WÀ NÍGBÀ NÁÀ

Kí ẹ lè mọ ohun tuntun tó ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó bá lójú agbo.

Hubert Ògúndé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1940, ó sì ti ń gbé eré rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1964, eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ lágbègbè náà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, òun tó mọ bí ẹ̀dá ṣe ń rìn, tó sì mọ bí a ṣe ń fi ìṣesí lásán sọ̀rọ̀. Dúró Ládiípọ̀ wà ní Òṣogbo, òun ló gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, eré Ṣàngó tó rìnrìn àjò dé òkè òkun.

Àwọn àgbà ni wọ̀nyí o. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: eré ọba, eré òrìṣà, eré ẹ̀kọ́ ìwà, eré ìṣèlú. Àwàdà wà nínú iṣẹ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló ṣe wà. Ìránṣẹ́ ọba kan á ṣi ọ̀rọ̀ sọ, èrò á rẹ́rìn-ín, ọba á sì padà sórí ìtẹ́, ìtàn á máa lọ.

Moses Ọláìyá ni kí ọba sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, ó sì fi gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lé àwàdà lọ́wọ́. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ́ sórí bí ọmọ iléèwé. Bí ó ti rí nínú púpọ̀ lára àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ìgbà náà, ọ̀gá á sọ ìtàn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ẹni báyìí ń wá owó, ẹni báyìí fẹ́ tàn án, ibi báyìí ni yóò ti tú sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu di ti oníkálukú. Ohun tó bá pa èrò Ìbàdàn lẹ́rìn-ín lónìí, wọ́n á tún un ṣe lọ́la fún èrò Oǹdó. Ohun tí kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ ọ́ nù sójú ọ̀nà.

ÀGBÀ TÍ KÒ ṢE BÍ ÀGBÀ

Ta wá ni Bàbá Sàlá gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Gíláàsì ojú tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Táì onílábalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà tán. Aago tó tóbi ju ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ èèyàn lọ. Ṣòkòtò tó jẹ́ pé ẹni méjì lè bá a gbé inú rẹ̀. Bó bá ti yọ lójú ìtàgé, kò tíì sọ nǹkan kan, ìròyìn ti délé.

Ṣùgbọ́n aṣọ nìkan kọ́. Ẹ̀dá inú aṣọ náà ni iṣẹ́ wà. Bàgbà ahun ni Bàbá Sàlá. Ó ń ṣọ́ owó bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Ó fẹ́ jẹ láìsan. Ó fẹ́ràn obìnrin, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ná kọ́bọ̀ lé obìnrin lórí. Ó máa ń pète ọgbọ́n kan tó gbà pé kò sí ẹni tó lè jágbọ́n rẹ̀, ọgbọ́n náà á sì padà wá gbá òun fúnra rẹ̀ létí.

Nílẹ̀ wa, a ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ló ń tún nǹkan ṣe. Bàbá Sàlá wá jẹ́ àgbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń wọ́ orí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín náà fi jinlẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní irú ẹ̀gbọ́n bàbá bẹ́ẹ̀, ẹni tí a gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí, tí gbogbo ọmọ sì mọ̀ nínú ikùn wọn pé ìjẹkújẹ ló ń bá a jà. A kò lè rẹ́rìn-ín sí i nílé. Bàbá Sàlá gbà wá láàyè láti rẹ́rìn-ín sí i lórí ìtàgé, kò sì sẹ́ni tí yóò ní a rí àgbà fín.

Ẹ tún wo èyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàbá arúgbó yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni òun fúnra rẹ̀. Ó ya ìrìn àgbà, ó ya ohùn àgbà, ó ya ìbínú àgbà tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó wá gbé ẹ̀dá yẹn wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí òun náà fi dàgbà bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wo àwọn oníṣẹ́ skit lórí fóònù yín lónìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó so ìró mọ́ra tó ń ṣe màmá, tàbí tó wọ kóòtù ńlá tó ń ṣe bàbá onílé, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹnìkan ti là ni wọ́n ń rìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ orúkọ ẹni tó là á.

ÀPÓTÍ TÓ Ń SỌ̀RỌ̀

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Òun ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Ìbàdàn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi kún àpótí yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́? Fíìmù òyìnbó ò tó, àwọn èèyàn sì fẹ́ gbọ́ èdè wọn. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ló ní ohun tí tẹlifíṣọ̀n nílò. Ògúnmọ́lá wọlé, Ládiípọ̀ wọlé, Oyin Adéjọbí wọlé. Aláwàdà náà wọlé, ó sì jẹ́ pé wíwọlé yẹn ló sọ Moses Ọláìyá di Bàbá Sàlá fún gbogbo èèyàn.

Tẹlifíṣọ̀n bá a mu ju ẹnikẹ́ni lọ. Eré ọba nílò àgbàlá, ó nílò ìlù àti èrò púpọ̀. Àwòrán kékeré dúdú àti funfun ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn kan tó ń ṣírò bí òun ṣe máa jẹ ẹran láìsan owó, àpótí kékeré yẹn gbé e tán pátápátá. Àwọn ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ò pọ̀. Èyí tó bá ní, fèrèsé rẹ̀ á kún fún orí ọmọ àdúgbò.

Ẹ má rò pé owó tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ́ wọn o. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe fún eléré nígbà náà kò yàtọ̀ sí ohun tí Instagram ń ṣe fún yín lónìí: òkìkí ló ń fúnni, ibòmíràn ni owó wà. Ẹni tó bá rí Bàbá Sàlá lọ́fẹ̀ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan á fẹ́ sanwó wò ó lójúkojú nígbà tí mọ́tò ẹgbẹ́ bá wọ ìlú rẹ̀.

Mọ́tò yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n á kó aṣọ, ìlù, jẹnẹrétọ̀, ìyàwó, ọmọ àti ọmọ iṣẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n á fi gbohùngbohùn polówó yíká ìlú lọ́sàn-án. Lálẹ́, wọ́n á ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú, ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní gbọ̀ngàn iléèwé. Ẹnìkan á dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó, ẹni tí ọ̀gá fọkàn tán sì ni. Nídàájí, wọ́n á tún dì í. Ìlú mìíràn. Gbogbo òwò náà dúró lórí ohun kan ṣoṣo: ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Ẹ má gbàgbé ẹnu ọ̀nà yẹn.

FÍÌMÙ NÁÀ

Nígbà tó fi di ìparí àwọn ọdún 1970, ohun tuntun ti dé. Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, fíìmù tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí a mọ̀ sí Adé Love, kópa ńlá nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ya lọ wò ó. Ìjà Òmìnira tẹ̀lé e. Ògúndé náà gbé Aiyé jáde. Ó wá hàn kedere pé ohun tí mọ́tò ẹgbẹ́ ń ṣe lóru ọ̀pọ̀lọpọ̀, róòlù fíìmù kan lè ṣe é láìrẹ̀.

Bàbá Sàlá náà dìde. Ó ké sí Ọlá Balógun, wọ́n sì ṣe Ọ̀run Móoru. Ó jáde ní 1982.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn inú rẹ̀ ní ṣókí. Bàbá Sàlá ni Lámídì, oníṣòwò tí nǹkan ń lọ dáadáa fún. Ẹnìkan wá tàn án pé oògùn wà tí yóò sọ owó rẹ̀ di òbítíbitì. Ó kó owó sílẹ̀, owó lọ. Ó bọ́ sínú ìṣẹ́, ìtìjú ò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó sú u pátá, ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ó dé ìlú àwọn òkú, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, kó padà sílé. Ìyẹn ni pé ọ̀run pàápàá móoru, kò sí ibi ìsinmi fún ẹni tó ń sá fún gbèsè.

Ẹ gbọ́ ná, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé ẹni tó ń ṣe Lámídì yẹn ti kó owó ara rẹ̀ àti owó yíyá lé fíìmù náà. Ṣíṣe sinimá nígbà náà kì í ṣe ti fóònù àti láìtì róbótó. Owó òkè òkun ni wọ́n fi ń ra fíìmù. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà, òkè òkun náà ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí ó bá padà dé tán, àwọn ilé sinimá tó wà nígboro, fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ni wọ́n ń fi jẹun. Eléré Yorùbá fúnra rẹ̀ ló ń gbé róòlù àti ẹ̀rọ kiri, láti Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Igànmú dé gbọ̀ngàn iléèwé ní ìlú kékeré, gẹ́lẹ́ bí ó ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà. Ẹni tó fọkàn tán kan náà ló ń gba owó.

Nítorí náà, ẹ̀dà fíìmù yẹn kò yàtọ̀ sí oko kòkó. Ọdọọdún ló yẹ kó máa so. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ ló ní èso rẹ̀.

Kí Bàbá Sàlá tó lè kórè, Ọ̀run Móoru ti bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, lọ́wọ́ àwọn tí kò bá a ṣe é, tí wọn kò sì bi í. Owó epo rọ̀bì ti kó ẹ̀rọ fídíò wọ ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì kan bí méjì, méjì bí mẹ́wàá. Ọjà gbà á, àdúgbò gbà á. Ìlú tí mọ́tò rẹ̀ kò tíì dé, wọ́n ti wò ó tán. Ta ni yóò wá sanwó lẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀?

Gbèsè dúró. Owó kò wọlé. Ọkùnrin tó ṣe fíìmù lórí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, jìbìtì ni wọ́n fi lù ú nídìí fíìmù náà. Bó bá jẹ́ pé òun ló kọ ọ́ sínú eré, a óò ní ó ti pọ̀ jù.

OHUN TÓ ṢE LẸ́YÌN NÁÀ

Ẹlòmíràn ì bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mosebọ́látán, tí Adé Love darí. Ẹ pe orúkọ yẹn díẹ̀díẹ̀: mo ṣe bí ọlá tán. Ó dà bí ẹni pé ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó padà sórí tẹlifíṣọ̀n, ó padà sójú ọ̀nà, ó sì ṣe fíìmù fídíò pẹ̀lú nígbà tí ìgbà yẹn dé.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń rò lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé SAP ní 1986, kò sí eléré tó lágbára àtigbé fíìmù lọ sókè òkun mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ọ̀tá àná, ló wá di ibi ìsádi. Lórí rẹ̀ ni àwọn eléré Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré tààrà, lórí rẹ̀ náà ni Nollywood dúró sí kó tó di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ohun tó pa oko Bàbá Sàlá lára ni àwọn ọmọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ fi dáko tuntun. Àwọn páírétì sì tẹ̀ lé wọn dé oko tuntun yẹn náà.

Òfin wà. Ti 1970 wà nígbà tí wọ́n ń da Ọ̀run Móoru kọ, kò gbà á lẹ́nu ẹkùn. Wọ́n ṣe òmíràn ní 1988. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Ààrẹ buwọ́ lu tuntun tó mẹ́nu ba iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sí pálọ̀ ilé wa lọ́jọ́ ọdún. Àwa la jókòó síbẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ìròyìn pé ó ti kú jáde léraléra nígbà tó ṣì wà láàyè. Èèyàn lè rò pé Lámídì tí wọ́n dá padà láti ọ̀run ni. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló wá kú lóòótọ́, ní Iléṣà, lẹ́ni ọdún 82. Gbogbo àwọn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín lónìí ló kẹ́dùn, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọmọ bíbí inú rẹ̀, Emmanuel Adéjùmọ̀, tí ẹ mọ̀ sí Boisala.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ INÚ KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ

Mo padà sílé bàbá mi nígbà tí mò ń múra ètò yìí sílẹ̀. Mo béèrè kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ti sọnù tipẹ́, ẹ̀rọ tó ń lò ó náà ti di ilé aláǹgbá. Mo bi bàbá mi pé níbo ni wọ́n ti rà á. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "A ò rà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ló dà á kọ fún mi." Wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo sọ fún wọn nípa gbèsè náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn. "Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ni," ni wọ́n wí.

Mi ò lè bá wọn wí. Bàbá mi kì í jalè. Wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́ran. Wọ́n fẹ́ràn Bàbá Sàlá dénú ni wọ́n ṣe gba kásẹ́ẹ̀tì náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Kì í ṣe àwọn tó kórìíra rẹ̀ ló tú oko rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kásẹ́ẹ̀tì kan péré, kásẹ́ẹ̀tì kan péré, títí tó fi di odidi orílẹ̀-èdè. Ẹni tó dà á kọ tà ló jẹ̀bi jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun kì bá rí ẹni tà á fún bí ilé bíi tiwa ò bá ṣílẹ̀kùn.

Mo ní kí n má bá bàbá mi wí nítorí pé mo yẹ fóònù tèmi wò. Fíìmù mẹ́ta wà níbẹ̀ tí mo gbà lórí Telegram. Èmi tí mò ń ṣe ètò, tí mò ń bẹ̀ yín kí ẹ má gé orúkọ wa kúrò lára ohùn tí ẹ bá fẹ́ pín. Oníṣẹ́ skit kan á sun àsùngbé oru kan nítorí fídíò ìṣẹ́jú méjì, ẹlòmíràn á gé orúkọ rẹ̀ dànù, á gbé e sójú ewé tirẹ̀, àwa á máa tẹ ọkàn pupa sí i lábẹ́. Fídíò kan péré ni.

Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Kì í ṣe ohun ńlá. Owó dátà tí mo fi gbà wọ́n ti lọ, mi ò sì mọ bí èyí ṣe máa kan ẹni tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá kọ́ wa pé ahun ni a fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ọdún pípẹ́ ni a fi wo bàbá tó fẹ́ jẹ láìsan, a rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́. A ò mọ̀ pé àwa náà ló ń fi hàn wá.

Tí ẹ bá ní òbí tàbí àgbà nílé tó wo Aláwàdà nígbà náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí: ibo ni wọ́n ti wò ó, ta ni wọ́n sanwó fún? Ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ètò wa, pẹ̀lú àṣẹ wọn o. Màá kó díẹ̀ nínú wọn sí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fọ̀run ke Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀. Kí ọ̀run tirẹ̀ tutù.

Ó dìgbà kan ná.